Ààrò ńlá olójú méjì: ṣé kí a rà á, àbí kí a má rà á?



Ní ọjà wa lónìí, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pọbẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, oríṣiríṣi ààrò tuntun ló wà. Àwọn kan jẹ́ irin, àwọn kan jẹ́ amọ̀ tí a sun. Kékeré wà, ńlá wà. Èyí tó ń wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni ààrò ńlá olójú méjì. Ìkòkò méjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà: ọbẹ̀ níhìn-ín, ọkà lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń tà á á sọ pé igi díẹ̀ ló ń jẹ, pé kì í rú èéfín, pé oúnjẹ ń tètè jiná lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Owó tí a ó fi rà á lè jẹ́ owó irúgbìn, tàbí owó ilé ìwé ọmọ, tàbí owó àjọ tí a ti ń dá láti oṣù mélòó kan. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

1. Kí ló dé tí ààrò olókùúta mẹ́ta fi ń jẹ igi?

Gbogbo wa la mọ ààrò olókùúta mẹ́ta. A kì í fi owó rà á. Ìkòkò ńlá jókòó lórí rẹ̀, ìkòkò kékeré náà jókòó. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ iná kúrò lábẹ́ ìkòkò. Nínú ooru igi tí a ń jó, apá kékeré ló ń wọ inú ìkòkò. Èyí tó pọ̀ jù ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Èéfín ńkọ́? Èéfín ni apá igi tí kò jó tán. Bí a bá rí èéfín púpọ̀, ẹ mọ̀ pé owó igi wa ló ń fò lọ.

Ààrò tó dára ń ṣe nǹkan mẹ́ta:
- Ó fi ògiri yí iná ká, kí atẹ́gùn má baà gbé ooru lọ.
- Ó mú kí ìkòkò sún mọ́ ọwọ́ iná, kí àlàfo tó wà láàárín ìkòkò àti ògiri ààrò má tóbi.
- Ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé láti ìsàlẹ̀, kí igi lè jó dáadáa.

Kì í ṣe bí ààrò bá ti tóbi tó ló fi ń dára tó. Ní orílẹ̀-èdè Guatemala, lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní ọdún 1976, wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé láti fi amọ̀ àti iyanrìn mọ ààrò ńlá olójú púpọ̀. Lorena ni wọ́n ń pè é. Ó lẹ́wà, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn igi tó ń jẹ, wọ́n rí i pé ó sábà máa ń jẹ igi ju iná tí a dá sílẹ̀ gbangba lọ. Kí ló fà á? Amọ̀ tó nípọn ń gba ooru sára, kí ìkòkò tó rí tirẹ̀ gbà. Ẹ rántí èyí bí wọ́n bá fi ààrò tó wúwo hàn yín.

2. Báwo ni ojú kejì ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè nìyí. Oríṣi ààrò olójú méjì tó wà jẹ́ méjì.

Oríṣi kìíní: ẹnu kan ṣoṣo ni a ti ń ki igi bọ̀ ọ́. Iná wà lábẹ́ ojú kìíní. Ooru tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ló ń kọjá lọ sábẹ́ ojú kejì. Nítorí náà, ojú kejì kì í gbóná bí ti àkọ́kọ́. Ó dára fún omi ìwẹ̀ tàbí láti mú kí ọbẹ̀ wà ní gbígbóná. Bí ẹ bá gbé ẹ̀wà kà á, ẹ ó dúró pẹ́. Bí ẹ kò bá sì gbé nǹkan kan kà á, ooru á gba ibẹ̀ jáde lásán. Ẹ gbọ́dọ̀ dé e.

Oríṣi kejì: ojú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu iná tirẹ̀. Ààrò méjì tí a so pọ̀ ni. Ojú méjèèjì lè gbóná bákan náà, ṣùgbọ́n iná méjì ni ẹ ó dá, igi méjì ni ẹ ó sì fi sí i.

Kí ẹ tó rà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹnu mélòó ló ní? Ibo ni iná ń gbà kọjá?

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè: ẹ̀ẹ̀melòó láàárín ọ̀sẹ̀ ni a ń gbé ìkòkò méjì kaná lẹ́ẹ̀kan náà? Ìyá tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà ń ṣe é lójoojúmọ́. Ilé tí ènìyàn pọ̀ sí ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìkòkò kan ni ẹ máa ń kọ́kọ́ gbé kaná, tí ẹ ó sọ̀ ọ́, kí ẹ tó gbé èkejì, ojú kejì kò ní ṣe yín ní àǹfààní púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń yan gàrí nínú agbada kan ṣoṣo.

Ẹ ronú èyí náà: ààrò kékeré olójú kan, méjì, lè ṣe iṣẹ́ ààrò ńlá kan. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ṣì wà. Ẹ lè gbé ọ̀kan lọ sí oko. Ẹ lè ra ọ̀kan lónìí, kí ẹ ra èkejì lẹ́yìn ìkórè. Ṣùgbọ́n bí ààrò ńlá náà bá ní ọ̀pá tó ń gbé èéfín jáde kúrò nínú ilé ìdáná, àǹfààní pàtàkì nìyẹn, tí ààrò kékeré kì í sábà ní.

3. Èéfín àti ìlera wa

Èéfín kì í ṣe ohun tó ń ta ojú nìkan. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń fa ikọ́ àti àìlèmí dáadáa fún àwọn ìyá tó ti dáná fún ọdún púpọ̀. Ó ń dá kún òtútù àyà àwọn ọmọ kéékèèké. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200 káàkiri ayé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tó wà nínú wọn lé ní 237,000.

Ṣé ààrò tuntun á gbà wá lọ́wọ́ èyí? Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ní orílẹ̀-èdè Màláwì, àwọn olùwádìí fún àwọn abúlé kan ní ààrò tuntun tó ń jo igi. Wọ́n fi àwọn abúlé mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú ààrò àtijọ́. Ọmọ tó lé ní 10,000 ni wọ́n ń ṣọ́. Èsì jáde ní ọdún 2016: òtútù àyà kò dínkù ní abúlé tó gba ààrò tuntun. Èéfín mìíràn ṣì wà níbẹ̀, bí èéfín pàǹtí tí a ń sun, àwọn ààrò náà sì máa ń bàjẹ́.

Ní Guatemala, ó rí bákan mìíràn díẹ̀. Níbẹ̀, ààrò tó ní ọ̀pá èéfín ni wọ́n kọ́ sí ilé àwọn ènìyàn. Èsì tó jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé èéfín tí àwọn ọmọ ń fà símú dínkù ní ìdajì. Òtútù àyà lápapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n èyí tó le gan-an dínkù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Ààrò tó ń dín igi kù kì í ṣe ààrò tí kò ní èéfín. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìlera ni ẹ fẹ́ rà á, ẹ wá èyí tó ní ọ̀pá èéfín, tàbí kí ẹ gbé e síta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí iná. Gáàsì kì í rú èéfín bí igi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí iye owó rẹ̀ àti ibi tí a ti lè pààrọ̀ ìgò rẹ̀ nítòsí yín.

4. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó rẹ̀

Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi iye tirẹ̀ sí i.

Ká ní ààrò olójú méjì jẹ́ 18,000 fráǹkì, tí a sì lè lò ó fún ọdún méjì. Ọdún méjì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 104. Ká ní ó ń dín igi kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ìyá kìíní ń ta oúnjẹ ní ọjà. Ó ń ra igi 1,500 fráǹkì lọ́sẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 500. 18,000 tí a pín sí 500 jẹ́ 36. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36, owó ààrò ti padà sápò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 68 ló kù tí yóò máa jẹ èrè. Ó yẹ kí ó rà á.

Ìyá kejì ń se oúnjẹ ilé nìkan. Ó ń ra igi 600 fráǹkì lọ́sẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 200. 18,000 tí a pín sí 200 jẹ́ 90. Ọ̀sẹ̀ 90 ni owó rẹ̀ yóò tó padà, nígbà tí ààrò náà ti fẹ́ gbó. Bí ó bá ra ààrò olójú kan ní 6,000 fráǹkì, ọ̀sẹ̀ 30 péré ni. Èyí sàn fún un.

Ká wá ní ìyá kejì yá owó láti ra ààrò ńlá, tí owó tí yóò san padà pẹ̀lú èlé jẹ́ 21,600. Ọ̀sẹ̀ 108 ni yóò gbà á. Ààrò á ti bàjẹ́ kó tó san gbèsè tán. Ẹ má ṣe fi èlé ra ohun tó ń mú èrè kékeré wá.

Ẹni tó ń ṣẹ́ igi ní oko rẹ̀ ńkọ́? Kò ní rí owó padà. Àkókò ni yóò rí. Bí ó bá ń lọ ṣẹ́ igi ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó lè di ẹ̀ẹ̀mejì. Òun ló mọ ohun tí yóò fi àkókò yẹn ṣe.

5. Ẹ dán an wò kí ẹ tó rà á

Ẹ má ṣe fi ẹnu ẹni tó ń tà á ṣe ìwọ̀n. Ẹ wá ẹni tó ti ra irú rẹ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó yá yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ se oúnjẹ kan náà, nínú ìkòkò kan náà, pẹ̀lú igi gbígbẹ kan náà. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn igi ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín báyìí:

Ààrò olókùúta mẹ́ta: igi ṣáájú, kílò 12. Igi tó ṣẹ́ kù, kílò 3. Igi tó jó, kílò 9.
Ààrò tuntun: igi ṣáájú, kílò 12. Igi tó ṣẹ́ kù, kílò 6. Igi tó jó, kílò 6.

Kílò 3 ló dínkù nínú 9. Ìdá kan nínú mẹ́ta nìyẹn.

Ẹgbẹ́ obìnrin lè pa owó pọ̀ ra ẹyọ kan, kí ó máa lọ láti ilé dé ilé, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí olúkúlùkù kọ iye igi tó lò sílẹ̀. Ní ìpàdé, ẹ ka àwọn ìwé náà sókè, kí ẹ wá pinnu.

Ẹ tún wo nǹkan wọ̀nyí lára ààrò náà:
- Ṣé ìkòkò àti agbada yín bá ojú rẹ̀ mu? Ẹ gbé wọn lọ sí ọjà.
- Ṣé ó dúró ṣinṣin bí ẹ bá ń ro ọkà lórí rẹ̀? Ààrò tó ń mì lè da ohun gbígbóná sí ọmọ lára.
- Ṣé irin rẹ̀ nípọn? Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ jó lu.
- Ṣé alágbẹ̀dẹ tàbí amọ̀kòkò tó lè tún un ṣe wà nítòsí?

6. Bí kò bá tíì sí owó

Ẹ lè dín igi àti èéfín kù láìra nǹkan kan. Ẹ sá igi kí ó gbẹ dáadáa, nítorí igi tútù ń fi ooru rẹ̀ gbẹ omi ara rẹ̀ ná. Ẹ là á sí wẹ́wẹ́. Ẹ máa dé ìkòkò. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú. Bí ìkòkò bá ti hó, ẹ fa igi díẹ̀ jáde. Ẹ fi amọ̀ díẹ̀ tàbí bíríkì dí ẹ̀gbẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ máa kó eérú kúrò.

Ẹni tó bá sì ra ààrò tuntun, kí ó lò ó lójoojúmọ́. Ẹni tó ra ààrò tuntun tó ṣì ń dáná lórí òkúta mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò dín igi kù.

Ẹ̀yin ará wa, ojú kejì tí a kò lò, owó tí a sọnù ni. Bí ìkòkò méjì bá ń wà lórí iná yín lójoojúmọ́, tí ẹ sì ń fi owó ra igi púpọ̀, ààrò ńlá lè ṣe yín lóore. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kékeré tó dára tó.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ní ilé yín, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni ẹ ń gbé ìkòkò méjì kaná lẹ́ẹ̀kan náà?
2. Eélòó ni ẹ ń fi ra igi tàbí èédú lọ́sẹ̀? Kí ni ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀?
3. Ààrò kan jẹ́ 15,000 fráǹkì. Ó ń dín owó igi kù ní 300 fráǹkì lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni owó rẹ̀ yóò fi padà?
4. Nínú ilé ìdáná yín, ibo ni èéfín ń gbà jáde? Kí ni ẹ lè tún ṣe níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?