Ẹ yí ewé padà wò kẹ́ ẹ tó ra oògùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń dá a.

Lásìkò òjò tó kọjá, ewé ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé mi ní Mowe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Mowe àti Ibafo, ẹ mọ bọ́rọ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá kó wá láti Èkó, tó rí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ ló máa kọ́kọ́ gbìn sí i. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta oògùn oko. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. "Kòkòrò ni," ló sọ. Ó na ìgò kan sí mi, mo sanwó. Mo fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ewé ò yéé pọ́n.

Ohun tó já mi láyà jù rèé. Tẹ̀tẹ̀ wà láàárín àwọn ebè yẹn. Lọ́jọ́ kẹta tí mo fọ́n oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyàwó mi já nínú rẹ̀, ó fún Ìyá Ẹlẹ́kọ tó wà nílé kejì, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Mi ò sí nílé. Nígbà tí mo dé, tí mo gbọ́, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ gbé mi mọ́. Mo lọ kanlẹ̀kùn. Ọbẹ̀ ti wà lórí iná.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún àwọn ọmọ jẹ. Mo fọ́n oògùn sí i."

Ìyá wò mí títí. "Gbogbo ìwé tó o kà yìí náà, kò kọ́ ẹ pé kó o sọ fún ìyàwó ẹ?"

A da ọbẹ̀ nù. Mo ra òmíràn fún wọn, àmọ́ ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lójú mi. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, àwọn àgbà ò purọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá ìyàwó mi wá kí wa láti abúlé wọn lẹ́bàá Ifọ. Àgbẹ̀ ni wọ́n látilẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ wo ìgò oògùn tí mo ń fi hàn wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yí ewé padà, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: "Èwo ló kọ́kọ́ pọ́n, ewé ìsàlẹ̀ ni àbí ti òkè? Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀? Ibo lo ti rí igi ẹ̀gẹ́ tó o gbìn?" Mi ò rí ìkankan dáhùn.

A jọ rìn yí oko náà ká. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ẹ̀gẹ́ tí mo pè ní aláìsàn kan ṣoṣo? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, ewé tuntun tó wà lókè ló pọ́n, àmọ́ iṣan rẹ̀ ṣì dúdú. Ibẹ̀ làwọn bíríkìlà ti po sìmẹ́ǹtì nígbà tá à ń kọ́lé, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí èròjà irin fà. Níbi tó rẹlẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n tó ń já bọ́. Omi ló dúró síbẹ̀, gbòǹgbò ò rí afẹ́fẹ́, òjò sì ti wẹ ọ̀rá ilẹ̀ lọ. Ebè gíga, ojú àgbàrá àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni ibẹ̀ ń fẹ́. Láàárín oko, ewé rí tóótòòtó, ó ká kò, ó sì kéré. Ìyẹn ni àrùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mosaic.

Mosaic yìí kì í ṣe àrùn tuntun. Ọdún 1894 ni wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ ní apá ibi tó ń jẹ́ Tanzania lónìí. Eṣinṣin funfun tíńtín ló ń gbé e láti ewé dé ewé, àmọ́ àwa fúnra wa là ń gbé e láti oko dé oko, nípa igi ẹ̀gẹ́ tá à ń tọrọ lọ́wọ́ ara wa. Bí mo ṣe ṣe gan-an nìyẹn. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Kéèyàn hú èyí tó ń ṣàìsàn, kó wá igi tó mọ́ gbìn, irú èyí tí àrùn náà kì í tètè mú, bíi TME 419.

Mi ò sọ pé kòkòrò kì í ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ o. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tẹ́ ẹ bá rí ewé tuntun tó ní àmì wínníwínní bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, kòkòrò kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí aláǹtakùn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tí orí igi bá sì ṣù jọ, tí nǹkan funfun bí ẹ̀lùbọ́ bò ó, ìyẹn ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní mealybug. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Wọ́n rí i ní Congo lọ́dún 1973, ó sì tàn káàkiri débi pé ebi fẹ́ wọ̀lú.

Kí ló wá ṣẹ́gun rẹ̀? Kì í ṣe ìgò oògùn. Lọ́dún 1981 wọ́n rí kòkòrò náà ní Paraguay, níbi tí agbọ́n tíńtín kan ti ń yé ẹyin sínú rẹ̀, tí ọmọ agbọ́n sì ń jẹ ẹ́ láti inú. IITA tó wà n'Ìbàdàn kó agbọ́n náà wá, wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Hans Herren, ọmọ Switzerland tó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 1995. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: oògùn tá à ń fọ́n láìbéèrè, ó lè pa agbọ́n tó ń ṣọ́ ẹ̀gẹ́ wa, kó sì fi ọ̀tá sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ̀tẹ̀. Tí òkè ewé bá ní àmì tó pọ́n, tí abẹ́ rẹ̀ sì ní roro funfun, àrùn ni, oògùn kòkòrò ò ràn án. Ẹ já ewé yẹn sọ nù, ẹ má gbìn ín fún pọ̀. Tí ewé bá ká mọ́ra, ẹ tú u, ẹ máa rí kòkòrò nínú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ ṣà á.

Ṣé torí ẹ̀yìnkùlé lásán ni mo ṣe ń pariwo? Rárá o. Lọ́dún 2015, ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà wa nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Àwọn yẹn ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ wo ni Ìyá Ẹlẹ́kọ ní?

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn rán àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa tá à ń dáko sáàárín ilé, kí wọ́n má fi mọ sí àwọn tó ní oko ńlá. Kí ẹni tó ń ta oògùn oko náà kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè mẹ́ta tí bàbá bi mí. Ẹ̀yin náà, ẹ ya fọ́tò òkè ewé àti abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi han ẹni tó mọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ìgò tó ṣẹ́ kù ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo tì í mọ́ inú àpótí. Ìyá Ẹlẹ́kọ ti ń dáhùn ìkíni mi báyìí. Àmọ́ tí ìyàwó mi bá gbé ẹ̀fọ́ lọ fún wọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n yí ewé padà.