Ẹ yé e fi etí ṣeré o! Ohun tó ń kó èrò lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun rèé

Ìyá tí ọmọ ẹ̀ ki kóró ẹ̀wà bọ imú, bàbá àgbà tí kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́, géńdé tí egungun ẹja há sí lọ́fun: irú èèyàn tẹ́ ẹ máa bá lórí bẹ́ǹṣì nìyẹn tẹ́ ẹ bá dé ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun láwọn ọsibítù ńlá wa, irú èyí tó wà ní UCH n'Ìbàdàn àti LUTH n'Ídìí-Àràbà, l'Ékòó. Àmọ́ tí wọ́n bá ka àwọn aláìsàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àìsàn etí ló sábà máa ń pọ̀ jù.

Ohun tó wá ń dunni níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ara wa la fi ń fa púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìdọ̀tí etí. Ìdọ̀tí yẹn kì í ṣe ọ̀tá o, òun ló ń mú eruku àti kòkòrò, ó sì máa ń rọra jáde fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí là ń ṣe? Ìyẹ́ adìẹ rèé, igi ìṣáná rèé, ìdérí bírò rèé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rèé. Kódà, òwú orí igi tí wọ́n ń tà nínú páálí, inú ló ń ti ìdọ̀tí yẹn sí, títí tí etí á fi dí pa. Ẹlòmíì á sì gún ìlù etí ẹ̀ lu.

Tàwọn ọmọdé tún burú jùyẹn lọ. Ihò tóóró kan wà tó so imú pọ̀ mọ́ etí, tọmọdé kúrú, kò sì dagun tó tàgbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀fìnkìn fi máa ń tètè di etí dídùn sí wọn lára, tí etí á sì máa ṣọyún. Ìyá á ní eyín ló fẹ́ hù, á da òróró sí i, á da omi ewé sí i. Oṣù á gorí oṣù. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti ní kí sóbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ọsibítù, ìlù etí ti lu. Ọmọ tí tíṣà ń nà lójoojúmọ́ pé olórí kunkun ni, àbí pé olódo ni, ó lè jẹ́ pé kò gbọ́rọ̀ ni.

Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2021, wọ́n ní èèyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni etí wọn ò gbọ́rọ̀ dáadáa, àti pé nínú ọmọdé 100 tó ní ìṣòro yìí, nǹkan bí 60 ló jẹ́ èyí téèyàn lè dènà ẹ̀.

Imú àti ọ̀fun náà ní tiwọn. Tọ́mọ bá ki bátìrì aago pẹlẹbẹ bọ imú, ẹ má dúró dọ̀la o, láàárín wákàtí méjì ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ẹran imú. Ẹ má tọ ọ́, ẹ gbé ọmọ náà dìde. Egungun ẹja tó há, ẹ yé e fi òkèlè ẹ̀bà tì í, ó lè wọlé sí i. Ẹni tí ohùn ẹ̀ há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tàbí tí kókó yọ sí lọ́rùn, kó lọ rí dókítà, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lọ gba abẹ́rẹ́ gentamicin ní kẹ́míìsì láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́, abẹ́rẹ́ yẹn lè pa etí, kó má sì padà mọ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí ń ran èèyàn lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ owó gidi ni, kò sì lè dà bí etí tá a bí mọ́ni. Etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀.