Yíyan Pọ́ǹpù Olówó Pọ́ọ́kú fún Omi Ìmútutù Ẹ̀rọ Léètì

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí lè kéré lójú ẹni tí kò dúró ti ẹ̀rọ rí. Bí ọ̀bẹ ẹ̀rọ léètì bá ń gé irin, ooru ńlá ń ti ojú rẹ̀ jáde. Omi tí a po òróró mọ́, tí mo ń pè ní omi ìmútutù, ni ó ń gbé ooru náà lọ. Ní 1906, F. W. Taylor, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí omi bá ń dà sí ojú ọ̀bẹ dáadáa, a lè fi nǹkan bí ìdá 30 sí 40 nínú 100 kún eré tí a fi ń gé irin.

Àṣìṣe tèmi ni n ó kọ́kọ́ sọ. Mo ra pọ́ǹpù kékeré kan tí a ṣe fún ìsun omi inú ọgbà, nítorí pé kò wọ́n. Kò pé oṣù kan tí ó fi dákẹ́. Nígbà tí mo tú u, ìyẹ̀fun irin ti lẹ̀ mọ́ ọn nínú pátápátá. Òòfà ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, òòfà kò sì lè rí irin kí ó má fà á. Kí n tó fura pé omi ti dá, ọ̀bẹ ti jóná, iṣẹ́ oníṣẹ́ sì ti bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.

Pọ́ǹpù oníjíà náà kò dára níbí. Àlàfo àárín eyín jíà rẹ̀ fún pinpin, èérún irin a sì máa jẹ ẹ́. Bí a bá dí ẹnu rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, agbára omi lè bẹ́ rọ́bà.

Èyí tí mo fara mọ́ ni pọ́ǹpù alábẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀ńjìnnì oníná rẹ̀ jókòó sórí táńkì, tí ọ̀pá gígùn sì so ó mọ́ abẹ̀bẹ̀ tí ó wà nínú omi. Iná kò bá omi pàdé. Èérún kékeré ń kọjá láìdí i. A sì lè fi táàpù dín omi kù láìsí ewu. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó tuntun lè wá àlòkù rẹ̀ lára ẹ̀rọ tí a ti pa tì.

Kí á tó sanwó, ẹ jẹ́ kí á ka ohun tí a kọ sí i lára. Bí wọ́n bá kọ mítà 2 àti lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan, lítà 30 náà kò ní dé gíga mítà 2. Ní mítà 2, omi kò ní jáde mọ́ rárá. Nítorí náà, bí ojú ọ̀bẹ bá fi mítà 1 ga ju omi táńkì lọ, ẹ wá pọ́ǹpù tí a kọ mítà 2 ó kéré tán, tàbí 3, sí lára.

Lákòótán, ẹ fi irin pẹlẹbẹ dá táńkì sí méjì, kí èérún lè rọ̀ sílẹ̀ kí omi tó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Ẹ sì rí i pé wáyà tó wọ ilẹ̀ wà lára ẹ̀rọ náà, nítorí ọwọ́ tútù ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí.