Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun, Sáà Àkọ́kọ́ Kì Í Ṣe Sáà Eré

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ dúró sí Ìyànà Ìbà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó dá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ̀ kí ó tó la ẹnu. Fáìlì wà ní abíyá rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wá ọ̀nà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ni ó ń lọ. Bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, inú yàrá tí a háyà ní Okokomaiko, Ìbà tàbí Ọjọ́ ni yóò máa gbé. Owó ilé, omi, iná àti oúnjẹ ti di ẹrù orí rẹ̀ kí ó tó kan ìwé.

Síbẹ̀, ohun tí ó ń kó bá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jù ni pé kò sí ẹni tí yóò lu agogo fún un mọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ a máa pe orúkọ, ìyá a sì máa jí ni. Ní yunifásítì, ẹni tí kò wá, kò wá náà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ní sáà àkọ́kọ́ mi, mo rò pé ọdún kìíní jẹ́ ọdún ìgbafẹ́. N kò mọ̀ pé ìdánwò kékeré àárín sáà wà lára èsì. Oorun ni mo ń sùn nígbà tí wọ́n ṣe é, mo sì fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ náà. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ nílé.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n 5.00 tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò, 3.50 ni ipò kejì ti òkè ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún mẹ́rin tí ó gba 2.50 ní ọdún kìíní gbọ́dọ̀ máa gba nǹkan bí 3.83 ní ọdún mẹ́ta yòókù, bí iye iṣẹ́ ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, kí ó tó dé ibẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni a ó fi san gbèsè ọdún kan.

Nítorí náà, ẹ tètè forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀, kí ẹ sì mọ olùdámọ̀ràn ọdún yín lójú. Ẹ tètè kúrò nílé, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì kò mọ àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wá ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó jọ máa kàwé. Bí ilẹ̀kẹ̀ bá já, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ sọ fún òbí, ẹ sọ fún olùkọ́, kí sáà tó parí.

Ẹ̀yin àgbà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n; ṣùgbọ́n bí ará iwájú kò bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò mọ ibi tí kòtò wà?