Kí Ẹ Tó Mú Ìwé Ẹ̀hónú Wá: Ilé Aṣòfin Kì í Yí Ìdájọ́ Kóòtù Padà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé ẹ̀hónú sí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó wa tó ń mójú tó ètò ìdájọ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń fẹ́ kí a pe adájọ́, kí a sì ní kó yí ìdájọ́ rẹ̀ padà. Kò sí lágbára wa. Bí alága ìgbìmọ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín, kò lè ṣe é. Abala 6 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti gbé àṣẹ ìdájọ́ lé kóòtù lọ́wọ́.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ yín

Ohun tó ń dùn wá jù nìyí. Ẹni tó pàdánù ẹjọ́ ilẹ̀ nílé ẹjọ́ gíga ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, bí ìdájọ́ náà bá ti parí ẹjọ́. Bó bá jẹ́ àṣẹ tí adájọ́ pa nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, ọjọ́ 14 ni. Ti ẹjọ́ ọ̀daràn jẹ́ ọjọ́ 90. Pé ìwé yín wà lọ́dọ̀ wa kò dá ọjọ́ dúró. Bí wọ́n bá dájọ́ lọ́jọ́ 10 oṣù kejì, tí ẹ mú ìwé ẹ̀hónú wá lóṣù kẹta, tí ẹ sì jókòó ti ìpè wa, ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún á kọjá lórí yín. Ó wá di kí ẹ máa bẹ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún àfikún àkókò, kóòtù sì lè kọ̀.

Ọ̀dọ̀ lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ béèrè ní Legal Aid Council bóyá òun wà lára àwọn tí òfin ní kí wọ́n ràn lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ ìwà adájọ́ ni

National Judicial Council (NJC) l'Ábújá ló ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ tí wọ́n bá fi kan adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé ìbúra tì í. Ti májísíréètì, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ohun tó kàn wá

Abala 128 àti 129 fún ilé aṣòfin láṣẹ láti ṣèwádìí, láti pe ènìyàn, àti láti béèrè ìwé, kí a lè tún òfin ṣe tàbí kí a tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá. Bí àwọn afurasí bá ń pẹ́ látìmọ́lé nítorí pé fáìlì wọn há sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́, ẹ kọ̀wé sí wa: a lè pe kọmíṣọ́nà kó wá ṣàlàyé. Bí owó ìṣúná bá jáde fún kóòtù tí òrùlé rẹ̀ ṣì ń jò sórí ìwé ẹjọ́, ẹ kọ̀wé.

Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere bí ọ̀rọ̀ náà bá wà ní kóòtù.

Owó

A kì í gba kọ́bọ̀ lórí ìwé ẹ̀hónú. Ẹni tó bá dá yín dúró lẹ́nu géètì pé òun ó bá yín rí ọnọrébù, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ìdájọ́ bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ wá síbí.