Ẹ̀rọ tó ń ka iná nínú ilé: ìgbà wo ló ń sọ òótọ́?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, torí ó ti pọ̀ jù nínú WhatsApp mi: "App mi ní yúníìtì 9 ni mo lò lánàá, mítà sì yọ 5 péré. Èwo nínú wọn ló ń parọ́?"

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ka iná nínú ilé ti pọ̀ lọ́jà báyìí, oríṣi méjì ló sì wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí ẹ máa kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ó wá ki fíríìjì tàbí tẹlifíṣàn bọ òun náà. Èkejì ní ọwọ́ bíi ti akàn. Wọ́n máa ń fi gbá wáyà tó ń bọ̀ láti mítà mú, láìgé wáyà rárá. Àwọn méjèèjì á máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ti ọlọ́wọ́ akàn yìí ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù.

Yúníìtì kan tí ẹ ń rà ni iná tí ohun èlò 1,000 wáàtì máa jẹ ní wákàtí kan. Kí ẹ tó lè mọ wáàtì, nǹkan mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: kọ́rẹ́ǹtì tó ń ṣàn nínú wáyà, fóltéèjì tó ń tì í, àti bí ohun èlò náà ṣe ń gbà á, torí ohun tó ní mọ́tò, bíi fáànù àti fíríìjì, kì í lo gbogbo ohun tó ń fà. Mítà oníkáàdì ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlọ́wọ́ akàn tí kò wọ́n, kọ́rẹ́ǹtì nìkan ló ń kà. Ó kàn gbà pé fóltéèjì yín jẹ́ 230 tọ̀sán tòru ni, ó sì sọ kọ́rẹ́ǹtì náà di ìlọ́po 230.

Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀n lè gbà bẹ́ẹ̀ kó má sì jìnnà sí òótọ́. Àmọ́ ẹ wá sí Òmù-Àrán lágogo mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn ti wọlé. Mo ki tẹ́sítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nílé àǹtí mi níbẹ̀, 150 ni mo rí. Ohun tí à ń pè ní "low current" nìyẹn, bẹ́ẹ̀ fóltéèjì ló lọ sílẹ̀, kì í ṣe kọ́rẹ́ǹtì. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà.

Omi tútù àti yìnyín ni àǹtí mi ń tà. Ayálégbé mẹ́rin ló wà nínú ilé náà, mítà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń lò. Ẹ mọ bí ilé oní-mítà-kan ṣe ń rí: ọjọ́ tí yúníìtì bá tán, ọjọ́ ìjà ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ilé ra ọlọ́wọ́ akàn, ó fi gbá wáyà tó lọ sí yàrá àǹtí mi mú, app sì sọ pé obìnrin yìí nìkan ló ń jẹ ìdajì iná ilé. Wọ́n ní kó máa san ìdajì owó káàdì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó pa fírísà. Fírísà yẹn sì ni òwò rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Stabilizer ló ń gbé fírísà náà. Iṣẹ́ stabilizer ni pé kó gbé 150 tó wọlé padà sí 220. Kò lè ṣẹ̀dá iná fúnra rẹ̀, nítorí náà kọ́rẹ́ǹtì ló máa ń fà sí i láti ara ògiri. Tí fírísà bá ń gba ampere 1, stabilizer á máa fa bíi 1.5. Ọlọ́wọ́ akàn rí 1.5 yìí, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 230, ó kọ wáàtì 345 sórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ 150 ló yẹ kó lò. Ìyẹn á fún wa ní 225, mọ́tò ò sì lo gbogbo rẹ̀; tó bá lo ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, 180 péré ni. Bí iná ṣe ń rọlẹ̀ sí i ni ẹ̀ṣẹ̀ àǹtí mi ń pọ̀ sí i lórí app.

Bàbá onílé sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú." Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bi mítà fúnra rẹ̀."

Mítà oníkáàdì ní iná pupa kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ imp/kWh sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 1000 tàbí 1600. Iye ìgbà tí iná yẹn máa ṣẹ́jú kí yúníìtì kan tó lọ nìyẹn. Ti ilé yìí jẹ́ 1000. A pa gbogbo nǹkan, a fi fírísà nìkan sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, mo sì fi fóònù ya fídíò mítà fún ìṣẹ́jú 10. Ìgbà 31 ló ṣẹ́jú. Ní wákàtí kan, ìyẹn á jẹ́ 186, wáàtì 186 nìyẹn. Gbogbo wọn jọ kà á lójú fídíò. Wọ́n padà fẹnu kò sí ìdá kan nínú mẹ́rin, fírísà sì wà níbi tó wà.

Ọ̀fẹ́ ni ọ̀nà yìí, òun ni mo sì fọkàn tán jù. Tó bá jẹ́ pé orí òpó ni wọ́n gbé mítà yín sí, ẹ kọ yúníìtì tó kù sílẹ̀ láti ara kípáàdì, ẹ lo ohun kan fún wákàtí kan, ẹ tún wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wáàtì tí wọ́n kọ sára áyọ́ọ̀nù dá mítà lẹ́jọ́. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì lórí fóltéèjì 150 kò ní jẹ ju nǹkan bíi 425 lọ. Ìdí tí aṣọ kì í fi í jóná lálẹ́ nìyẹn.

Ṣé mítà fúnra rẹ̀ kì í ṣìnà? A máa ṣìnà. Ní 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Twente ní Netherlands gbé àbájáde ìdánwò mítà 9 jáde: 5 nínú wọn ka iná kọjá bó ṣe yẹ, èyí tó burú jù sì fi 582 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá bó ṣe yẹ. Gílóòbù LED àtàwọn gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, tí wọ́n so mọ́ bọ́tìnì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ni wọ́n fi dán wọn wò. Kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ ilé wa ṣe rí nìyẹn. Síbẹ̀, tí nọ́ńbà yín bá jìnnà síra gan-an, fídíò yẹn ni kí ẹ mú lọ sí iléeṣẹ́ tó ń pín iná. Tí wọn ò bá yanjú ẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàbójútó iná.

Kí wá ni ìwúlò ẹ̀rọ tí ẹ ra? Ó wúlò tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan wé nǹkan ní àkókò kan náà: ta ló ń jẹ iná lóru nígbà tí gbogbo èèyàn ti sùn, fíríìjì wo ni kì í sinmi nítorí rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já. Ẹ má kàn mú iye yúníìtì rẹ̀ ní òótọ́. Èyí tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sábà máa ń sàn jù, torí òun fúnra rẹ̀ ń ka fóltéèjì. Àmọ́ tí ará ilé bá fẹ́ fi Kill A Watt ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ ní kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Iná tiwọn, tí kò ju nǹkan bíi 120 lọ, ni wọ́n ṣe é fún.

Ibi tí wọ́n fi ọlọ́wọ́ akàn sí náà ṣe pàtàkì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èsìẹ́, ní àdúgbò mùsíọ́ọ̀mù àwọn ère òkúta, ti fẹ́ kọ̀wé ẹ̀sùn sí iléeṣẹ́ iná torí app rẹ̀ ju mítà lọ lójoojúmọ́. Ẹ̀yìn changeover ló fi í sí. Iná jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ló ń kà mọ́ ti NEPA.

Ìwúlò kan wà tí èèyàn kì í rò: kíka wákàtí. Ní oṣù Kẹrin 2024, NERC gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A kúrò ní bíi ₦68 sí ₦225, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀. Fírísà bíi ti àǹtí mi, tí mọ́tò rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 lóòjọ́, á jẹ bíi yúníìtì kan àtààbọ̀, ìyẹn lé ní ₦300 lójúmọ́ ní owó Band A ti 2024. Wákàtí 20, ó kéré tán, ni wọ́n ṣèlérí fún owó yẹn. Àṣẹ NERC sì sọ pé tí wọn ò bá pé e fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n já ìlà iná náà sí ìsọ̀rí tó bá iye tí wọ́n ń gbé wá mu. App tó ń kọ àkókò sílẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí yín. Ẹ kàn rí i pé Wi-Fi yín wà lórí bátìrì, torí tí Wi-Fi bá kú, app ò ní mọ̀ bóyá NEPA ló mú iná lọ ni àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló sọnù.