Ilẹ̀kùn Yúróòpù ṣí sílẹ̀, àmọ́ ta ló ń gbẹnu sọ fún àgbẹ̀ Tchaourou?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Tchaourou, Bétérou, Tchatchou, Goro àti Kika, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú, ṣùgbọ́n àpò yín ló kàn. Nígbà tí rédíò bá ní àwọn ìjọba jókòó ní Brussels tàbí ní Àbújá lórí àjọṣe ilẹ̀ Yúróòpù àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń yí i sí ibòmíràn. A ó ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tó kan ojú ti kan imú. Sóyà tó wà lóko, kajú tí à ń ṣà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mílíìkì tí à ń bù sínú kókó ọmọ láàárọ̀, títí dórí owó CFA tó wà lọ́wọ́ wa, kò sí èyí tí ọwọ́ Yúróòpù kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ wo owó náà ná. Yúrò kan jẹ́ CFA 655.957, bí ọjà gbóná, bí ọjà tutù. Náírà ní tirẹ̀ lè wà ní ibì kan láàárọ̀, kó ti kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Oníṣòwò tó ń ná ọjà Parakú lónìí, tó tún ń ré bodè kọjá sí Nàìjíríà lọ́la, mọ ohun tí à ń wí. Àárín owó méjì yìí ló ti ń jẹun, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ìdè mọ́ owó Yúróòpù.

Nítorí náà, a fẹ́ ṣàlàyé ohun mẹ́ta: irú àdéhùn tó wà láàárín Yúróòpù àti ECOWAS, tí àwa ní Benin ń pè ní CEDEAO, ìdí tí apá kan nínú rẹ̀ fi há sí ọ̀nà, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan oko wa.

Láti Lomé dé Kútọnu

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 46 láti Áfíríkà, Karibíà àti Pàsífíìkì bá orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tó wà nínú àjọ Yúróòpù nígbà náà tọwọ́ bọ̀wé ní Lomé. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ti Lomé parí, Kútọnu tiwa níbí ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé tuntun, ní ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, ọdún 2000, lákòókò ìjọba Ààrẹ Mathieu Kérékou. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún ni wọ́n fi ń pe orúkọ Kútọnu ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ àjọṣe Yúróòpù àti Áfíríkà. Ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá, ọdún 2023 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ èyí tó rọ́pò rẹ̀, ní erékùṣù Samoa.

Ní àtijọ́, ọ̀pọ̀ ẹrù wa ń wọ Yúróòpù láìsan owó ibodè, àwa sì ń gba owó ibodè lórí tiwọn. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú àdéhùn náà fẹjọ́ sùn pé ojúsàájú ni. WTO, àjọ tó ń rí sí òwò lágbàáyé, wá fún wọn ní àkókò di òpin ọdún 2007 láti yí i padà. Àdéhùn òwò tuntun tí Yúróòpù gbé wá ni wọ́n ń pè ní EPA, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní APE. Ohun tó wí kò lọ́jú pọ̀: àwa ṣílẹ̀kùn fún yín, kí ẹ̀yin náà ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ní oṣù keje ọdún 2014, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Accra, wọ́n sì fara mọ́ ọn. Yúróòpù yóò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yóò ṣí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, díẹ̀díẹ̀, láàárín ogún ọdún. Yúróòpù sì ṣèlérí yúrò bílíọ̀nù 6.5 láàárín ọdún 2015 sí 2019 láti fi ran ìṣòwò agbègbè yìí lọ́wọ́.

Agbo kan, ilẹ̀kùn mẹ́ta

Orílẹ̀-èdè 16 ló yẹ kó tọwọ́ bọ̀wé náà: ECOWAS 15 ìgbà náà àti Mauritania. Gbogbo wọn ló ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ àfi Nàìjíríà. Ní oṣù kejì ọdún 2016, Ààrẹ Muhammadu Buhari lọ bá ilé aṣòfin Yúróòpù ní Strasbourg, ó sì sọ ọ́ lójú wọn pé àwọn ilé iṣẹ́ Nàìjíríà kò tíì lè bá ti Yúróòpù figagbága. Bí Yúróòpù bá da ọjà rẹ̀ sílẹ̀ láìsan owó ibodè, ta ni yóò ra èyí tí wọ́n ṣe ní Kánò tàbí ní Àgbàrá? Nàìjíríà nìkan ní ju ìdajì èèyàn tó wà ní agbègbè yìí lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, àdéhùn agbègbè kò lè gbéra.

Ghana àti Côte d'Ivoire kò dúró. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọjà kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja wọn yóò bọ́. Kálukú wọn bá Yúróòpù ṣe ìwé tirẹ̀, ìwé méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016.

Benin ńkọ́? Ilẹ̀kùn kẹta la gbà wọlé. Láti ọdún 2001, Yúróòpù ní òfin kan fún àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ àgbáyé kà mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ káàtó jù: gbogbo ohun tí wọ́n bá kó wá ló lè wọlé láìsan kọ́bọ̀, àfi ohun ìjà. Benin àti Togo wà nínú àwọn tó ń jẹ àǹfààní yìí.

Ẹ wá wò ó. Agbo kan ṣoṣo ni wá lórúkọ, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ń gba ilẹ̀kùn kan, Ghana àti Côte d'Ivoire ń gba òmíràn, àwa ń gba ti aláìní. Yúróòpù ní tirẹ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè 27, àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ òwò bá délẹ̀, ẹnu kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Ẹni tó ń ná ọjà mọ̀ pé bí oníbàárà kan bá ń bá ọlọ́jà mẹ́ta ná iye lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oníbàárà ni yóò jèrè.

Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ tó yẹ ká fi sọ́kàn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún wa nítorí àìní wa, ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè wa bá kúrò nínú ìwé àwọn aláìní náà, kì í ṣe dandan kó ṣì wà ní ṣíṣí.

Mílíìkì àti adìyẹ

Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2015 ni ECOWAS ti ní owó ibodè kan náà fún gbogbo ẹrù tó ń ti òde wá. Ó pín in sí ìpele márùn-ún: òfo, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Adìyẹ inú yìnyín wà ní ìpele 35. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń kó wá nínú àpò ńlá wà ní ìpele 5. Nínú EPA, àwọn ẹrù ìpele 35 kò sí lára ohun tí a máa ṣílẹ̀kùn fún. Mílíìkì oníyẹ̀fun kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà àti wàgásì lẹ́bàá títì tó lọ sí Parakú. Yúróòpù ń fi owó ìjọba ran àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Apá kan nínú mílíìkì oníyẹ̀fun tó ń ti ibẹ̀ wá, wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ láti fi ṣe bọ́tà, epo ọ̀pẹ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, èyí ló fi rọjú. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Owó ló ń sọ ohun tí ìyá ọmọ máa rà. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó ní màlúù mẹ́wàá ní Bétérou ń bá ẹni tí ìjọba Yúróòpù ń ràn lọ́wọ́ du oníbàárà kan náà, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè kí wọ́n tó kọ ìpele 5 sílẹ̀.

Owó ibodè kọ́ ni ìdènà mọ́

Bí ọjà wa bá ń wọ Yúróòpù láìsan kọ́bọ̀, kí ló wá ń dá a dúró? Òfin ìmọ́tótó ni, àti òfin igbó.

Ní ọdún 2003, Benin fúnra rẹ̀ ló dá kíkó edé lọ sí Yúróòpù dúró, lẹ́yìn tí àwọn alábẹ̀wò láti ibẹ̀ rí i pé ètò ìmọ́tótó wa kò tó. Ó ju ọdún kan lọ kó tó tún ṣí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà wọ́n fi mẹ́ta sí i. Ní òpin ọdún 2016, ó tún kan ọ̀pẹ òyìnbó Benin. Oògùn ethephon tí wọ́n ń fọ́n sí i kí èèpo rẹ̀ lè pọ́n ló pọ̀ jù, ìjọba wa sì dá kíkó o lọ síbẹ̀ dúró fún bí ọdún kan.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo àgbẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀, gbogbo àgbẹ̀ ló jìyà. Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Oògùn òwú kì í ṣe ti ẹ̀wà. Ẹni tó bá fọ́n ọn sí oúnjẹ ń ba ọjà aládùúgbò rẹ̀ jẹ́, kó tó kan ìlera àwọn tó máa jẹ ẹ́ nílé níbí.

Èyí tó kan Tchaourou jù ní báyìí ni òfin igbó tí Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023. Ohun méje ló wà nínú rẹ̀: màlúù, kòkó, kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà, igi àti sóyà. Kajú, òrí àti òwú kò sí níbẹ̀. Sóyà wà níbẹ̀, àti òróró rẹ̀ àti èérún rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó o wọ Yúróòpù gbọ́dọ̀ fi hàn pé oko tó ti wá kì í ṣe igbó tí wọ́n gé lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 2020. Ó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí oko náà lórí àwòrán ilẹ̀. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, wọ́n ní láti ya ààlà rẹ̀ yíká. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ojú kan ṣoṣo ti tó.

Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ wọn kò fagi lé e. Lọ́dọ̀ wa níbí, níbi tí igbó ọba Ouémé Supérieur ti bá oko pààlà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì ní ìwé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Igbó ṣe pàtàkì, òjò wa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi wọn oko? Bí ẹni tó ń ra sóyà bá ní òun ló sanwó rẹ̀, ṣé kì í ṣe inú owó àgbẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́?

Kajú, àti ẹni tó ń pa á

Kajú ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọdọọdún ni èyí tó pọ̀ jù nínú kajú Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń lọ sí Vietnam àti Íńdíà pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, kí wọ́n tó tà á fún Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin, ọdún 2024, ìjọba Benin ní kajú tí wọn kò tíì pa kò gbọdọ̀ jáde kúrò nílùú mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé, nítòsí Kútọnu, wà lára àwọn tó yẹ kó máa pa á. Èrò tó dára ni, pé kí iṣẹ́ àti èrè wà nílé. Àmọ́ bí àwọn tó ń rà bá dín kù, iye tí àgbẹ̀ ń gbà lè wálẹ̀, kajú á sì máa wá ọ̀nà ẹ̀yìn gba bodè. Ilé iṣẹ́ tó ń pa kajú nílé nílò oníbàárà ní Yúróòpù. Òun náà nílò kí ẹnìkan bá òun sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Kí la lè ṣe?

Agbo ECOWAS fúnra rẹ̀ ti ya. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde, ó ku orílẹ̀-èdè 12. Títì Kútọnu sí Malanville gba àárín Tchaourou kọjá, ẹ sì rí bí ọkọ̀ ẹrù ṣe dín kù lójú ọ̀nà yẹn nígbà tí wọ́n ti bodè Niger lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù keje ọdún 2023. Bí ilé bá ya, ará òde á gba ibẹ̀ wo inú rẹ̀.

A kò lè ti Tchaourou tún ECOWAS ṣe. Àmọ́ àwọn ohun kan wà lọ́wọ́ wa. Kí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ oko àti ààlà wọn sílẹ̀ báyìí, kí òfin igbó má baà bá wọn lójijì. Kí ẹnikẹ́ni má ra oògùn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Kí àwọn tó ń ta sóyà bi ẹni tó ń rà á léèrè ibi tó ń kó o lọ àti ìwé tí ibẹ̀ ń béèrè. Nígbà tí olùdíje bá sì wá tọrọ ìbò, kí a bi í ní ìbéèrè kan: nígbà tí Yúróòpù bá tún ń ṣe òfin lórí ohun tí à ń gbìn, ta ni yóò gbẹnu sọ fún wa, kí ni yóò sì wí?

Kì í ṣe pé ohùn Tchaourou kò lè dé ibẹ̀. Ọmọ ìlú yìí, Boni Yayi, ṣe olórí ilé ìfowópamọ́ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní Lomé, ó ṣe ààrẹ Benin láti ọdún 2006 sí 2016, ó sì ṣe alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní ọdún 2012. Kì í ṣe torí òṣèlú la fi sọ ọ́. À ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ga ju ẹni tó ń roko lọ. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́ yín.